Pínbọ́ọ̀lù Bàbá Wa Tó Ń Gbóná

Ẹ̀rọ tí kì í gbóná lójú oníṣẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí oníṣẹ́ bá ti lọ ló máa ń gbóná, ẹ̀rọ aláìlójútì ni. Arákàlè l'Ákùúrẹ́ ni mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àti áńpù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún sì ti wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n pínbọ́ọ̀lù kan ní ilé bàbá wa ní Oǹdó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláṣetì lójú àbúrò mi obìnrin.

Bàbá wa ta ọtí nígbà kan rí. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílùú ẹ̀ ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà sínú ilé ọtí wọn. Àpótí gígùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, gíláàsì bo orí ẹ̀. Ẹ ó fa irin kan, bọ́ọ̀lù irin á sáré gòkè, á máa kọlu agogo, iná á máa tàn lọ́tùn-ún lósì. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún tàbí ti òsì, pátákó kékeré inú ẹ̀ á sì ta á padà. Ilé ọtí ti kógbá sílé tipẹ́, àwọn oníbàárà ti kú tán, ẹ̀rọ náà wá di ohun tí wọ́n ń da aṣọ bò nínú pálọ̀.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá, apá òsì wọn kú pátápátá. Àbúrò mi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ nígbà náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀ l'Ákùúrẹ́ pa, ó wá sí Oǹdó láti máa tọ́jú wọn. Ìyẹn dára, ọmọ gidi ni. Ohun tí kò dára ni pé ó lọ dúró níwájú ìjọ, ó gbé ohùn sókè, ó ní ọjọ́ tí ọwọ́ òsì Bàbá bá fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ ni òun máa padà sílé ọkọ òun, òun ò sì ní lọ kó tó di ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá Ọlọ́run na irú ọjà yẹn? Ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níta. Lẹ́yìn náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, pé ó ti ń sùn níta pẹ̀lú. Mo bá àbúrò mi sọ ọ́, ó ní ohun tí òun ti bá Ọlọ́run sọ, òun ò lè yí i padà.

Ni ó bá pè mí lọ́jọ́ kan, ariwo ló fi bẹ̀rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ọwọ́ Bàbá ti jí o!" Ó ní inú kíṣìnnì ni òun wà tí òun gbọ́ agogo pínbọ́ọ̀lù. Ó sáré jáde, ó bá Bàbá lórí àga, ọwọ́ òsì wà lórí bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ń dún kùúkùú. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku kó rí i títí kó lè dá a lójú, kó tó di ẹrù ẹ̀ padà sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í pẹ́ kó tó máa rùn bí ohun tó ń jóná, èéfín á yọ, á ní láti pa á. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tètè wá, kí ọwọ́ yẹn má baà tún sùn."

Mo lọ. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, mo bú sẹ́rìn-ín. Wáyà bàbà ni wọ́n lọ́ mọ́ ojú ibi tí fíúùsì yẹ kó wà. Láyé ilé ọtí, bí fíúùsì bá jó, oníbàárà kì í dúró dè é, ẹ sì mọ̀ wá, a ó wá wáyà. Mo tú u, mo fi ojúlówó fíúùsì síbẹ̀. Mo ta bọ́ọ̀lù ẹ̀ fúnra mi fún ìgbà pípẹ́, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo inú ẹ̀, ó tutù bí omi àmù. Mo padà s'Ákùúrẹ́ pẹ̀lú àyà gbígbé sókè.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, fíúùsì ti jó. Mo padà lọ, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo nu eruku ọyẹ́ inú ẹ̀, mo fi fáànù kékeré sí i. Ó tún jó. Mo lọ bá òróró àdúrà lórí àwọn wáyà, àbúrò mi ti ta á sí i láti lé ọ̀tá. Mo fi ìbínú bá a wí, pé ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n fi òróró yàn àbí ọba? Ó bú sẹ́kún. Bí mo bá ń ta á, kò sóhun tó ń ṣe é. Bí Bàbá bá ń ta á, á jóná. Mo wá sọ fún ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo ní kí Bàbá wá ta á lójú mi. Àbúrò mi gbé wọn jókòó, ó lọ ra ata. Mo yọ pátákó ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ kí n lè rí gbogbo inú ẹ̀. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù gbéra. Pátákó ọ̀tún ń ta, ó ń sinmi, ó ń ta. Ti òsì gòkè lẹ́ẹ̀kan, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo na ìka sí kọ́ìlì, wáyà wíwé tó ń fi iná gbé e dúró, ó jó mi.

Mo yọ orí síta. Ọwọ́ òsì Bàbá wà lórí bọ́tìnnì, ó wúwo, ìka kákò, bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe gbé e síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù jábọ́. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì kúrò, wọ́n gbé e lé itan wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé mo ń wò wọ́n.

Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ yìí ò jí."

Ahọ́n wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn yékéyéké. "Mo mọ̀."

"Ẹ wá ń tan ọmọ yín?"

"Ilé ẹ̀ ń tú. Mo ní kó máa lọ, kò gbọ́. Ó ní ọwọ́ ni òun ń wò." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo fún un ní ọwọ́. Tún ẹ̀rọ yẹn ṣe."

Inú bí mi, àánú sì ṣe mí. Mo padà sábẹ́ ẹ̀rọ.

Mo ti wá mọ ohun tó ń ṣe é. Iná líle ló ń ta pátákó sókè, iná tó rọra ló ń gbé e dúró. Súìṣì kékeré kan ló yẹ kó gé iná líle kúrò bí pátákó bá ti dé òkè. Súìṣì òsì ti dípẹtà, kò gé e mọ́, kọ́ìlì á sì máa gbóná bí ọwọ́ bá wúwo lórí bọ́tìnnì. Ẹni tó bá ń tẹ bọ́tìnnì tó ń fi sílẹ̀ ò lè mọ̀ láéláé. Mo fi ọ̀bẹ ha á, mo tẹ̀ ẹ́ sípò. Bàbá tún gbé ọwọ́ òsì sórí bọ́tìnnì. Mo fi ìka kan kọ́ìlì, mo dúró pẹ́. Ó tutù.

Ata ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò mi nígbà tó wọlé. Ó wo ọwọ́ òsì, ó wo iná tó ń tàn, kò sí èéfín. Ó kúnlẹ̀, orin ọpẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Bàbá ò wo ojú mi.

Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó di ẹrù ẹ̀. A gba obìnrin opó kan ládùúgbò tí yóò máa tọ́jú Bàbá. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé àbúrò mi lọ s'Ákùúrẹ́. A ti kọjá Ọ̀wẹnà kó tó rántí ohun tó fẹ́ bi mí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó dá yín lójú pé kò ní gbóná mọ́?"

"Kò ní gbóná mọ́. Bí ọwọ́ Bàbá tiẹ̀ wà lórí ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run." Mo kọjú sí ọ̀nà.