Téèpù Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tú

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé "àgbà ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," ara mi á gbóná, á dà bí ẹni pé kí n fi nǹkan lu ògiri. Ó nídìí.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn páàkì ìlú kékeré kan létí Dallas. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ibi ìṣeré àwọn ọmọdé wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n rò pé tí wọ́n bá ti ri òpó jáńgílọ́fà mọ́lẹ̀, ó parí nìyẹn, kí ọmọ máa fì lórí rẹ̀ títí láé. Irọ́ ni. Irin máa ń dógùn-ún, ṣéènì máa ń jẹ, oòrùn Texas sì máa ń yan ike títí á fi máa rún bíi bísíkíìtì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lọ káàkiri, kó máa fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn òbí tó kó ọmọ dé. Èmi ni ẹni náà.

Alhaji Ṣíttù ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Mọ́sálásí kan náà la jọ ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé jórinjórin ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta, àti pé inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo dàgbà sí, wọ́n ní iṣẹ́ wà fún mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú ooru oṣù keje, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí síláìdì kan láti mọ bó ṣe gbóná tó. Alhaji gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ẹ̀yìn ọwọ́, Fàtíà! Àtẹ́lẹwọ́ tìẹ ti yi látorí ríro ẹ̀bà. Ìdí ọmọ ọdún méjì ò tíì yi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ mi nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa wú èérún igi tí wọ́n dà sábẹ́ jáńgílọ́fà kúrò títí máa fi rí ibi tí òpó ti wọ inú sìmẹ́ǹtì, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni irin sì ti máa ń jẹ láìjẹ́ pé ojú rí i. Tí mo bá ti wú u tán, kí n fi òòlù kékeré lù ú. Irin tó yè máa ń dún gooro, ohùn rẹ̀ á lọ jìnnà. Èyí tó ti jẹ nínú máa ń dún pọ̀ọ̀, bí ẹni gbá àpótí òfìfo. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí Alhaji máa ń sọ ṣáá: "Ohun tó o bá rí, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó ò bá kọ ọ́, o ò rí i nìyẹn."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Alhaji di ọ̀gá nínú ọ́fíìsì, èmi sì ń dá lọ síta. Ní ọdún keje mi lẹ́nu iṣẹ́, ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo lọ sí páàkì tó wà létí odò, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wọ inú igbó lọ. Mo wú ìdí jáńgílọ́fà ńlá ibẹ̀, mo lù ú. Òpó mẹ́ta dún gooro. Ìkẹrin dún pọ̀ọ̀. Mo tún un lù, ìpẹtà jábọ́ bí epo igi. Mo ká ṣéènì sókè, mo fi téèpù yẹ́lò di gbogbo rẹ̀ kí ọmọ kankan má bàa débẹ̀. Mo pe ọ́fíìsì láti sọ fún wọn, mo ń palẹ̀ mọ́ ni fóònù mi dún. Alhaji ni.

Nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn, mo kúnlẹ̀ sórí èérún igi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí orúnkún mi tẹ̀. Òyìnbó kan tó ń sáré kọjá dúró, ó bi mí bóyá àyà ló ń dùn mí. Mo fọwọ́ ṣe é pé rárá.

"Fàtíà, wọ́n ní o ti di jáńgílọ́fà páàkì etí odò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òpó kan ò dún dáadáa rárá, sà. Ó ti jẹ nísàlẹ̀."

"Ọ̀túnla ni píkíníìkì mọ́sálásí. Mo ti ní kí gbogbo èèyàn kó ìdílé wọn wá, Imáàmù náà ń bọ̀. Ṣé téèpù yẹ́lò la fẹ́ fi kí wọn káàbọ̀?"

"Sà, òpó yẹn…"

"Ṣé èmi ni ò mọ òpó? Ta ló kọ́ ẹ? Tú u. Má tíì kọ nǹkan kan. Tó bá di Mọ́ńdè, èmi àti ìwọ á jọ lọ wò ó."

"Ó dáa, sà. Ẹ ṣé, sà."

Mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dìde, mo sì fi ọwọ́ ara mi tú téèpù náà, mo sọ ṣéènì kalẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ìwé. Ẹni tó mú mi wọ iṣẹ́, tó dúró bíi bàbá níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ mi, ṣé òun ni máa kọ̀wé mọ́? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mo sì kó téèpù sẹ́yìn ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí a tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní páàkì, mo yíjú sí àwọn ọmọ mi méjèèjì, Zainab ọmọ ọdún mẹ́wàá àti Ridwan àbúrò rẹ̀.

"Ẹ lè gun ohun gbogbo níbí, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ dé ìdí jáńgílọ́fà yẹn."

"Why, Mommy?" Zainab ló bi mí.

"Kò dáa. Mo ní ẹ má débẹ̀."

"Okay."

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Mo dáàbò bo tèmi, mo sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Páàkì kún lọ́jọ́ náà. Bàbá Zainab, ọkọ mi, ń fẹ́ná sí ẹran, àwọn ọkùnrin kan ti kó ọmọ wọn gba ọ̀nà igbó lọ láti lọ wo ìjàpá létí odò. Alhaji jókòó sábẹ́ igi, inú wọn ń dùn, gbogbo èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni Ìyá Mọ́ríyámọ̀ ti wá bá mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó kéré sí mi, kò tíì pé oṣù méjì tó dé Amẹ́ríkà. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo mú, ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Aǹtí, ẹ̀yin lẹ ń ṣiṣẹ́ níbí. Ṣé ọmọ yìí lè gun jáńgílọ́fà ńlá yẹn? Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀."

Alhaji gbọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí.

"Jẹ́ kó gùn ún," mo ní. "Kò séwu."

Ẹran ò tíì jiná tí òpó fi kán. Ó kán níbi tí mo ti lù ú gan-an, irin òkè sì já wálẹ̀ lé ọmọ náà lápá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kán sí méjì. Mo ti gbọ́ igbe ọmọdé rí, torí ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò gbọ́ irú ìyẹn rí. Bí a ṣe ń dúró de ańbúláǹsì, Alhaji ní, "Kádàrá ni." Ni gbogbo wọn bá gbà á lẹ́nu wọn: kádàrá ni, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Zainab ọmọ mi dúró láàárín wọn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"But Mommy told us not to go on it," ó ní. "She told us in the car."

Àwọn tó gbọ́ òyìnbó gbọ́ ọ, Ìyá Mọ́ríyámọ̀ náà gbọ́ ọ. Ó gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀, ó wò mí.

"O mọ̀?"



Lọ́jọ́ kejì, Alhaji kó àgbà mẹ́ta láti mọ́sálásí wá sílé mi. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n mu omi mi.

"Kọ ọ́ pé o yẹ̀ ẹ́ wò, o ò sì rí nǹkan kan," Alhaji ní. "Kò sẹ́ni tí ò lè ṣàṣìṣe. Wọn ò ní lé ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, sà."

"Mo pè ẹ́? Ó wà nínú ìwé wo?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà mi orí. "Fàtíà, àgbà ni wọ́n. Oṣù mẹ́ta ló kù kí wọ́n fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Àwọn tó ri jáńgílọ́fà yẹn mọ́lẹ̀ ri mẹ́ta mìíràn lọ́dún kan náà, irú irin kan náà, ní páàkì mẹ́ta tí àwọn ìdílé ń kó ọmọ lọ. Ìdí wọn nìkan ni mi ò tíì wú lọ́dún náà. Tí mo bá kọ ọ́ pé òpó tó yè ló ṣàdédé kán, kò sẹ́ni tó máa lọ wú wọn.

"Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́, sà?"

"A máa wò wọ́n tó bá yá."

Tó bá yá! Inú bí mi. Ẹni tó kọ́ mi pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí n máa fi kan síláìdì nítorí ìdí ọmọ ọdún méjì, òun ló ń sọ pé tó bá yá. Mo dìde, mi ò kúnlẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ, sà."

Mo kọ ọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ní mo rí i, mo dì í. Alhaji pè mí, mo tú u. Ìyá ọmọ náà bi mí, mo ní kò séwu. Mi ò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti wú àwọn mẹ́ta yòókù. Méjì ti jẹ.

Alhaji fẹ̀yìntì lọ́sẹ̀ yẹn láìsí ayẹyẹ. Èmi náà, wọ́n gba iṣẹ́ àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní ọ̀pá tí mo fi ń ṣa ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà igbó fún ọdún méjì. Mi ò bá wọn jà. Ó tọ́ sí mi. Ohun tí ò tọ́ ni àwọn obìnrin mọ́sálásí tí wọ́n ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí mo "kọ̀wé mọ́ bàbá." Àwọn míì nínú wọn, orí òpó méjì tó ti jẹ yẹn ni ọmọ wọn ń gùn lójoojúmọ́! Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ bi mí léèrè ohun tí mo gbọ́ nígbà tí mo lù ú.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Wọ́n ti dá iṣẹ́ àyẹ̀wò padà fún mi, Zainab sì wà ní yunifásítì ní Denton. Lóṣù tó kọjá, èmi, ọkọ mi àti Ridwan lọ rìn ní ọ̀nà igbó páàkì etí odò. Nígbà tí a jáde, Ìyá Mọ́ríyámọ̀ dúró nídìí jáńgílọ́fà tuntun. Mọ́ríyámọ̀ wà níbẹ̀, ó ti ga, àpá iṣẹ́ abẹ sì hàn lápá òsì rẹ̀. Ó di àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú, ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Kò kí mi.

"Ṣé ẹ ti wò ó?"

"Mo ti wò ó."

"Ẹ wò ó níṣojú mi."

Mo lọ mú òòlù nínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wú ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo lù wọ́n. Gbogbo wọn dún gooro. Ó na ọwọ́ gba òòlù lọ́wọ́ mi, òun náà kúnlẹ̀, ó lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, ó fi etí sí wọn.

"Èyí tó ti jẹ, báwo ló ṣe máa ń dún?"

Òpó àkọlé àtijọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà igbó, tí wọ́n ti ṣí àkọlé orí rẹ̀ kúrò, irin rẹ̀ ti jẹ tán. Mo mú un lọ síbẹ̀. Mo lù ú nísàlẹ̀. Pọ̀ọ̀.

Ó fọwọ́ kan ibi tí mo ti lù ú.

"Bó ṣe dún létí yín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn?"

"Bó ṣe dún gan-an nìyẹn."

Ó gba òòlù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó dá òòlù padà fún mi, ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sórí jáńgílọ́fà, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tì í. Ọkọ mi ní ká máa lọ. Mi ò lọ títí ọmọ náà fi ní ó ti rẹ òun.