Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ọmọlanke

Kílò méjìdínlógún. Nọ́ńbà tí mo kà lórí rédíò nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ilé iṣẹ́ gàrí kan ní Ìlobù ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọlanke ni wọ́n fi ń ti ẹ̀gẹ́ gun òkè kékeré kan lọ sídìí ẹ̀rọ. Kàmọ́rù, ará Ìfọ́n, ló sọ fún Alhaja tó ni ibẹ̀ pé ẹnì kan kò lè dá a tì. Alhaja ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n: bó bá ju ogún kílò lọ, ẹni méjì ni yóò máa tì í.

Bàbá Tísà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìntì, ló wá wọ̀n ọ́n. Ó fi òṣùwọ̀n àwọn alápatà kọ́ iwájú ọmọlanke, ó ń fà á, ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà.

“Ìwúwo ẹrù kọ́ là ń wọ̀n,” ó ṣàlàyé fún èmi oníròyìn rédíò tó wá wò ó. “Agbára tí yóò gbà kó tó ṣí ni.”

Ṣùgbọ́n ta ló lè káwọ́ gbera kí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún máa fa ọmọlanke lójú rẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ tì í lẹ́yìn. Èmi náà ki bírò bọ àpò, mo tì í. Bàbá kò wẹ̀yìn.

Kílò méjìdínlógún ni òṣùwọ̀n kà, wọ́n sì fi Kàmọ́rù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀wà ni kò jẹ yó. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun nìkan ló ń tì í nígbà tí ọmọlanke yí padà sẹ́yìn, tó sì fún ìbàdí rẹ̀ mọ́ ògiri.

Bàbá Tísà padà wá. Ó ní kí gbogbo wa jìnnà. Kílò mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́.

“Ta ló tì í lọ́jọ́ yẹn?”

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Ẹni méjì ló ń tì í báyìí. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Kàmọ́rù ní Ìfọ́n. Orí ẹní ló wà, ìyàwó rẹ̀ ló ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo mọ̀, sà,” ló wí. “Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ tì í lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n wá máa wo bàbá níran ni?”