Àwọn Igi Àgbọn tí Bàbá Ebiere Ṣọ́

Lánàá, lẹ́yìn tí òjò dá, obìnrin tó ń yan ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Igbókòdá fi èèpo àgbọn dáná. Èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnìkan kó wá gbọ́ òórùn náà, àfi àga òfìfo. Àwọn tí ì bá mọ ohun tó ń ṣe mí ti lọ tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọdé.

Ìlú wa wà láàárín ọ̀sà àti òkun, kò jìnnà sí Ayétòrò. Orí òpó igi ni ilé wa dúró sí, afárá pákó la fi ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, àwa ọmọdé sì ti mọ pákó tó jẹrà yàtọ̀ sí èyí tó le kí a tó mọ ìwé kà. Ilẹ̀ gbígbẹ kan ṣoṣo tí a fi ń yangàn ni etí òkun tí igi àgbọn àti igi fúrúùtù kún. Ìdí Àgbọn là ń pè é. Àwọn àgbà ti yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bí mi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kò gbọdọ̀ wa yanrìn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kó ẹyin ìjàpá òkun tó bá gòkè wá yé. Bí ọdún Àjíǹde bá dé, àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba á wọkọ̀ láti Igbókòdá wá gbatẹ́gùn níbẹ̀. Wọ́n á ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n á máa rọra rìn bọ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ti kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á bú sí igbe. Àwa a máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá.

Bàbá Ebiere ni ìlú fi ṣọ́ ibẹ̀. Ará òdìkejì ọ̀sà ni, èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú wa ló fẹ́, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé èdè wa ló fi ń bú ewúrẹ́. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ. Bí àlejò bá ju agolo sílẹ̀, kì í bá a jà. Á ṣà á, á gbọn yanrìn rẹ̀ nù, á sì tẹ̀ lé onítọ̀hún dé etí ọkọ̀: “Ọ̀gá, ẹ gbàgbé ẹrù yín.”

Ebiere ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Èmi nìkan ni ìyá mi bí, nítorí náà òun ni mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n, òun náà ni mo fi ṣe àbúrò. A jọ ń gbálẹ̀ abẹ́ igi, a sì jọ ń gbin àgbọn tuntun sẹ́yìn àwọn tó ti dàgbà. Mo bi bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo la máa jẹ nínú wọn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ lo máa jẹ ẹ́?”

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé sórí omi láàárín àwa àti àwọn ará òdìkejì ọ̀sà. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn àgbà tó yẹ kó mọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ̀ ọjà kò wá mọ́, a ń gbọ́ pé wọ́n ti sun abúlé kan, ó tún di òmíràn, àwọn tó jọ ń fa àwọ̀n tẹ́lẹ̀ kò sì kí ara wọn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn gèńdé ìlú gbé àáké wá sí Ìdí Àgbọn. Wọ́n fẹ́ gé igi dí ẹnu odò, wọ́n sì ní àwọn ọ̀tá lè sá pamọ́ sáàárín igi. Bàbá Ebiere dúró níwájú wọn.

Ọ̀kan kígbe pé, “Ibi tí àwọn èèyàn ẹ máa ba sí lò ń ṣọ́!”

Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ lè lé mi lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé àwọn yìí tán, kí lẹ máa fi dá òkun dúró?”

Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi bíi mélòó kan wó lulẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá àgbà mi dé, tó ń mí hẹlẹ, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí ìdí igi tó kàn. “Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ lára mi.” Ìyá Ebiere wá jókòó tì í. Àwọn obìnrin mìíràn ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn gèńdé náà wo ara wọn, wọ́n sì gbé àáké wọn sọ̀ kalẹ̀.

A gba igi là, a kò rí ọkùnrin náà gbà. Olórí ẹbí ìyá Ebiere fúnra rẹ̀ ló wá bá a, kò lè gbójú sókè. “Àna wa, ẹ má bínú. Apá wa kò ká àwọn gèńdé yìí mọ́, ẹ máa lọ.” Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ àjẹ̀. Ebiere kò sunkún. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí ló ké sí mi pé, “Bá mi bomi rin wọn o!”

Mo bomi rin wọn ní gbogbo ọyẹ́ yẹn. Èmi nìkan ni mò ń pọn ọ́n, èmi nìkan ni mò ń gbálẹ̀, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ sókè kí etí mi lè gbọ́ ohùn èèyàn. Nígbà tí àlàáfíà padà, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo máa ń lọ dúró ní èbúté, mà á wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ní àwọn rí wọn ní Sapẹ́lẹ́, àwọn kan ní Wàrì. Títí di òní, n kò tíì fojú kan Ebiere.

Mo padà dé ìlú náà láìpẹ́ yìí. Òkun ti gba ilé tí wọ́n bí mi sí, ó gba ilé ìwé wa, ó gba ibojì ìyá àgbà mi. Ó ti gba àwọn igi àgbọn àtijọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn tí a gbìn sẹ́yìn ti dàgbà, àwọn ló wá kọjú sí omi báyìí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni ìlú fi ń ṣọ́ wọn. Ó tẹ́ ẹní fún mi. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó gbìn wọ́n.

“Rárá, màmá. Bí a ṣe bá wọn nìyẹn.”

Mo fẹ́ sọ fún un, àmọ́ àwọn àlejò ń pè é, ó sì sáré lọ. Inú mi kò bàjẹ́ sí i. Ohun tí a bá tọ́jú de ẹni tí a kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí onítọ̀hún bá a, kó jókòó sábẹ́ ẹ̀, kó má jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́. Ibòji igi náà dára gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹní yẹn sì fẹ̀, ó gba èèyàn méjì.