Jẹ́ Kí N Wẹ̀ Ná

Wọ́n fi ísáàlì fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì wa láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sílé wa ní Òkè-Àfà.

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. "Dúró níbẹ̀! Jẹ́ kí n wẹ̀ ná."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò wẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó kún fún òórùn ísáàlì, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọn ò sì fi mí sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

"Màmi, ẹ ò tíì wẹ̀ o."

Inú mi dùn: òfin ti parí!

Mo dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọmọ kan, ẹgbẹ́ mi, ló kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo na apá méjèèjì, mo sáré pàdé wọn.

"Dúró níbẹ̀!"