Ọjọ́ Òmìnira Wa ní Amúwo

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni ọjọ́ òmìnira ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún tí ó kọ́kọ́ bá mi ní Èkó, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú pálọ̀ kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, mò ń to táìsì, ọkàn mi sì ti lọ sí Satellite Town.

Ibẹ̀ ni àwa tá a wá láti ọ̀nà Kùtọnu fẹ́ pé jọ sí. Ọmọ Pobẹ̀ ni mí. Yorùbá là ń sọ nílé, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń rò pé Ìlaró ni mo ti wá. Ọ̀gá mi, Bọ̀dá Rójà, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ti ní a máa tètè ṣíwọ́. Àfi bí Mama Tóyìn tó ni ilé ṣe jáde sí wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ti ní kí Dádì Tóyìn máa bọ̀ nílé lónìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bá eruku."

"A máa parí ẹ̀, Mà," ni Bọ̀dá Rójà wí.

Inú bí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wa mà lònìí!"

"Mo mọ̀. Po sìmẹ́ǹtì."

Tó o bá ti po sìmẹ́ǹtì, o ò tún lè sọ pé 'mò ń bọ̀' kó o lọ síbì kan. Yóò le mọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Mò ń fi hámà onírọ́bà lu táìsì, mò ń wo ojú fèrèsé. Gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá, lójú tèmi, Satellite ló ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bọ̀dá Rójà ní kí n tú ìlà tí mo tò, torí pé ó ti yà kúrò lára okùn tá a ta kí ìlà lè tọ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, a gbọ́ ariwo ní géètì. Àwọn ará wa ni! Bọ̀dá Rójà ti pè wọ́n pé a ò ní lè wá. Wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì dání, àwọn kan sì mú irinṣẹ́ wá. Wọ́n bọ́ aṣọ ọdún sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tì wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti parí.

Bí Dádì ṣe dé nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àìsàn ti jẹ́ kí wọ́n rù. A kì í tẹ táìsì tí kò tíì gbẹ, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé la mú wọn gbà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó sí fàráńdà ẹ̀yìn ná, kí atẹ́gùn fẹ́ sí àwọn. Ibẹ̀ náà la ti bu oúnjẹ.

Dádì béèrè ọdún tí à ń ṣe. Bọ̀dá Rójà ṣàlàyé.

"Ẹ kọ orin orílẹ̀-èdè yín, ká gbọ́," ni Dádì wí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lédè Faransé. A ò tíì lọ jìnnà tí Dádì fi di ọ̀pá mú, tí wọ́n dìde dúró.

"Dádì, ẹ jókòó!" ni Mama Tóyìn ké.

Wọ́n mi orí, wọ́n nàró ṣánṣán títí a fi kọ ọ́ tán. 

Wọ́n wá wò mí. "Ìwọ, ìgbà wo lo máa lọ kí àwọn ará ilé?"

Bọ̀dá Rójà bá mi dáhùn: "Ọdún tó ń bọ̀ la máa lọ, sà."

Ohun tí Bọ̀dá Rójà ti ń sọ lọ́dọọdún kí n tó mọ̀ wọ́n nìyẹn, wọn ò sì tíì lọ sílé. Mo wojú wọn, ẹ̀rù bà mí pé bẹ́ẹ̀ lèmi náà á ṣe pẹ́ síbí. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ mọ́tò tó ń lọ sí ẹnubodè Sẹmẹ̀ ní Mile 2. Mi ò tiẹ̀ pe ìyá mi pé mò ń bọ̀.