Èdè Tí Aránṣọ Ní Kí Wọ́n Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Aránṣọ ni obìnrin náà. Bó bá ti wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, aṣọ onítọ̀hún á gún régé. Ìwé nìkan ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ síléèwé ìjọba nílùú òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, aládùúgbò tó sìn ín lọ ka fọ́ọ̀mù fún un: èdè wo lẹ ń sọ nílé? Aránṣọ rò ó pé bí òun bá dárúkọ Yorùbá, wọ́n á fojú òmùgọ̀ wo ọmọ òun.

"Kọ Gẹ̀ẹ́sì," ló wí. Nígbà tí wọ́n délé, ó kìlọ̀ fọ́mọ: "Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́, yẹ́ẹ̀sì ni kó o máa dá wọn lóhùn."

Ẹ ò rí nǹkan! Àṣé ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí olùkọ́ ti ń fi àwòrán kọ́ àwọn ọmọ tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́ta gbáko lọmọ aránṣọ fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń lọ jókòó bí ère ní kíláàsì.

Ọjọ́ tí aránṣọ gbọ́, ó fa ọmọ àti aládùúgbò lọ bá akọ̀wé iléèwé. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa! Ta ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé wa? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni?"

Akọ̀wé gbọ́ ọ tán lẹ́nu aládùúgbò, ó kọjú sọ́mọ, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ẹ̀kọ́ ń yé e. Ọmọ wojú ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn ketekete: "Yẹ́ẹ̀sì."

Akọ̀wé pa fáìlì dé.

Nínú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló yé aránṣọ.