Bàtà Mi Ò Ní Sùn Síta

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Annaïg Le Dréau ti fi ń la ẹja ní èbúté Kerivin, létíkun Bretagne nílẹ̀ Faransé, bàtà òjò lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Inú bàtà náà kì í gbẹ. Bí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún nìyẹn, tó ń bó, tó sì ń rùn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ta ló ń polongo ẹsẹ̀ rírùn?

Àfi ọjọ́ tí Gwenaël, alábòójútó tuntun tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kan ìṣó mọ́ ara ògiri ìta, tó ní ibẹ̀ ni kí Annaïg máa fi bàtà rẹ̀ kọ́. Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́.

“Ẹ má bínú o, mà. Bàtà yín ló ń lé wa jáde.”

Annaïg wò ó látòkè délẹ̀. “Ọmọ yìí, bàtà mi ò ní sùn síta. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé bàsíà kalẹ̀ nílé ìdáná. Ó da fínígà tí wọ́n fi èso ápù ṣe sí i, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ìlọ́po méjì lé e, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Fañch ọkọ rẹ̀ yọjú, ó yínmú.

“Ṣé ẹ̀fọ́ tútù onífínígà la fẹ́ jẹ ni, àbí ẹsẹ̀ ẹ lo fẹ́ sè?”

“Tó o bá tún sọ̀rọ̀, tìẹ náà á wọbẹ̀.”

Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ rẹ̀ sán, fínígà sì ta á débi tó fi kígbe. Maëlle, nọ́ọ̀sì àdúgbò, bá a wí.

“A kì í ki ojú egbò bọ fínígà, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó jinná ná. Ìpara yìí lẹ máa fi pa àrùn yẹn, kẹ́ ẹ sì máa nu àárín ìka yín gbẹ dáadáa.”

Annaïg gba ìpara, ó gba ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí egbò ṣe jinná, ó padà sídìí bàsíà. Ó ní ó ń mú òórùn kúrò, ó sì ń tu òun lára. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó dimú.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gwenaël.

“Ó yá, gbóòórùn ẹ̀.”

“Mà, mò ń jẹun o!”

“Ò ń jẹun, o ò sì sá. Ṣó ń rùn?”

Gwenaël mirí pé rárá. Soazig, tó máa ń dúró ti Annaïg nídìí iṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín, lòun náà bá bọ́ bàtà tirẹ̀. Àárín ìka rẹ̀ ti bó yánnayànna. Ẹlòmíràn bọ́, ẹlòmíràn tún bọ́. Obìnrin méje, àìsàn kan náà, kálukú ló ti ń fi tirẹ̀ pamọ́.

“Ṣé ìṣó méje lo máa kàn síta?” ni Annaïg bi í. “Bàtà méjì-méjì la fẹ́, ká lè máa pààrọ̀ ẹ̀, àti ibi gbígbóná tá a ti máa sá a. Títí dìgbà yẹn, a ò la ẹja kankan.”

Ẹja wà nínú yìnyín, ọkọ̀ tó fẹ́ kó o ti ń dúró. Gwenaël sáré lọ pe ọ̀gá àgbà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bàtà kejì àti ẹ̀rọ tó ń mú bàtà gbẹ ti dé.

Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Annaïg ṣì nípọn bí ìwo àgbò. Fínígà ò rí ìyẹn ṣe. Nígbà tí ooru mú, ọmọbìnrin rẹ̀ ní kó wọ bàtà tó bo ìka lọ síbi ijó èbúté. Sálúbàtà ló wọ̀. Ó sì jó.